Iná Ọwọ́ Ẹlòmíràn

Ní ọdún 2021, ó ju ìdajì lọ nínú gáàsì tí ilẹ̀ Jámánì ń rà lókèèrè tí ó ti Rọ́ṣíà wá. Ọkàn wọn balẹ̀. Ogun Ukraine dé ní 2022. Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, gáàsì kò ṣàn mọ́ nínú ọ̀pá abẹ́ òkun Baltic. Òtútù ń bọ̀, apá tálákà kò sì ká owó iná mọ́.

Ẹ rántí àwọn wúńdíá márùn-ún tí òróró wọn kò tó: àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò lè bù fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọkàn tí ó gbára lé àdúrà ìyá rẹ̀ nìkan. Ẹ tọ́jú òróró tiyín kí Ọkọ ìyàwó tó dé.