Ẹdùn Àrá: Ta Ni Ògo Rẹ̀ Tọ́ Sí?

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí àrá bá sán ní Ìkòròdú wa yìí, tó sì la igi ọ̀pẹ méjì, ẹ ó gbọ́ tí àwọn àgbà ń wí pé ẹdùn àrá ti wọlẹ̀ níbẹ̀. Òkúta dídán tó ní ẹnu bí àáké ni wọ́n ń sọ. Àwọn adóṣù Ṣàngó a hú u, wọ́n a gbé e sórí odó Ṣàngó, wọ́n a máa ta epo sí i.

Àwọn awalẹ̀pìtàn ní rárá o, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Ní 1965, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thurstan Shaw walẹ̀ nínú Ihò Eléérú, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Wọ́n bá egungun ènìyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún. Nínú ilẹ̀ tó wà lókè rẹ̀ ni wọ́n ti bá àáké òkúta tí a pọ́n, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò.

Kì í ṣe àwa nìkan ló rò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó náà a máa fi irú òkúta yìí há òrùlé, kí àrá má baà jó ilé wọn. Ní 1723 ni Antoine de Jussieu ṣàlàyé fún àwọn ọ̀mọ̀wé Paris pé irú rẹ̀ làwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń ṣiṣẹ́.

Ṣé àrífín wá ni ká sọ èyí létí àgbà? Ọ̀rẹ́ mi kan ní Èbúté ní, “Fi bàbá sílẹ̀ jàre! Kí ni òtítọ́ rẹ fẹ́ fi kún ọbẹ̀ rẹ̀?”

Èmi kò gbà. Yanrìn àti erùpẹ̀ pupa ni ilẹ̀ wa níbí, kò ní àpáta. Bí a bá hú àáké òkúta nínú rẹ̀, ẹnìkan ló gbé e wá láti òkè. Ẹni tó ṣe é kò ní irin. Ó gé òkúta líle, ó fi omi àti yanrìn lọ̀ ọ́ lórí àpáta títí ó fi dán. Bí àwọn kan bá ń wí pé baba wa kò mọ nǹkan kan kí òyìnbó tó dé, ẹ̀rí tó yẹ ká nà sí wọn nìyẹn. Àwa la wá gbà á lọ́wọ́ baba wa, tí a gbé e fún àrá!

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ní kéèyàn ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má wọ ojúbọ ẹnikẹ́ni lọ gbé òkúta rẹ̀. Ẹ má sì tà á fún àlejò: òfin ní a kò gbọdọ̀ kó irú nǹkan àtijọ́ bẹ́ẹ̀ jáde nílùú láìgba ìwé àṣẹ. Ẹ kí bàbá, ẹ jókòó tì í, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún un, kí ẹ sì gbọ́ tirẹ̀. Àrá ṣì ń sán. Ìyẹn kò kúrò lọ́wọ́ Ṣàngó.