TA NI KÍ OBÌNRIN SỌ ÀÌSÀN RẸ̀ FÚN?

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe èyí tí a sábà máa ń sọ ní ìpàdé wa. Ó jẹ mọ́ abẹ́ aṣọ obìnrin, a sì ti kọ́ wa láti kékeré pé ohun tó bá wà lábẹ́ aṣọ, abẹ́ aṣọ ni kó máa gbé. Ìbéèrè náà nìyí: bí dókítà bá sọ fún obìnrin pé jẹjẹrẹ wà nínú ilé ọmọ rẹ̀, tí wọ́n sì ní kó máa dúró de ọjọ́ ìtọ́jú, ǹjẹ́ ó yẹ kó sọ ọ́ fún ènìyàn, tàbí kó gbé e mì kó sì máa rẹ́rìn-ín lọ? Bí yóò bá sì sọ ọ́, ta ni kí ó sọ ọ́ fún?

Mi ò fẹ́ kí a yára dá ẹni tó dákẹ́ lẹ́bi. Ìdí pọ̀ tí obìnrin fi ń pa ẹnu mọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Obìnrin lè sọ ọ̀rọ̀ fún ẹnìkan lẹ́yìn ìsìn, kó tó dé ilé, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti gbọ́ ọ ní Èkó. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí ẹni tó ti kú tán. Àwọn mìíràn á béèrè irú ayé tó jẹ nígbà èwe. Ẹlòmíràn á ní kó lọ wádìí ẹni tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, bóyá ìyáálé ni, bóyá ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ. Bẹ́ẹ̀ ni àìsàn kan ṣoṣo yóò di ìjà ìdílé. Ìdí mìíràn sì wà tó jẹ́ ti ìfẹ́: ìyá kò fẹ́ kí ọkàn àwọn ọmọ rẹ̀ bàjẹ́. Òótọ́ wà nínú gbogbo èyí. Kò sí ẹgbẹ́, kò sí ìjọ, tó ní ẹ̀tọ́ láti fi tipátipá gba ìròyìn àìsàn lẹ́nu aláìsàn.

Ṣùgbọ́n oríṣi ìdákẹ́ méjì ló wà, a kò sì gbọdọ̀ da ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì. Ìdákẹ́ wà níwájú ènìyàn, ìdákẹ́ sì wà níwájú dókítà. Ti àkọ́kọ́ lè jẹ́ ọgbọ́n nígbà mìíràn. Ti èkejì kò lè jẹ́ ọgbọ́n láéláé. Ẹ jẹ́ kí n ṣe àlàyé rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń ṣe.

Jẹjẹrẹ tí mo ń sọ yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú awọ tó tẹ́ inú ilé ọmọ, awọ náà gan-an tó máa ń ya wá bí nǹkan oṣù nígbà tí a ṣì kéré. Ó yàtọ̀ sí jẹjẹrẹ ọrùn ilé ọmọ, èyí tí kòkòrò HPV ń fà, tí ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọrùn ilé ọmọ kò tó láti fi mọ̀ bóyá inú ilé ọmọ dára. Ti inú ilé ọmọ yìí sábà máa ń mú obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró. Kí ara sanra jù, kí ènìyàn ní àtọ̀gbẹ, kí ó má tíì bímọ rí, gbogbo wọn wà lára ohun tó lè mú kó súnmọ́ ni. Síbẹ̀ ó ń mú ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì bí ọmọ mẹ́fà pẹ̀lú. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ẹ̀san ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ ni àmì rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù. Bí nǹkan oṣù bá ti dúró fún odindi ọdún kan, tí ẹ̀jẹ̀ tún wá yọ, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan péré lára àwọ̀tẹ́lẹ̀, ìbáà má dun ni rárá, ó yẹ kí dókítà gbọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Nínú obìnrin 10 tó bá rí irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, bíi 9 ni kò ní jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n nínú obìnrin 10 tó ní jẹjẹrẹ náà, bíi 9 ló kọ́kọ́ rí ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á ṣe síkáànù, wọ́n á mú ẹran bíńtín nínú ilé ọmọ lọ fún àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ á sì yé. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Ní ìpele kìíní, inú ilé ọmọ nìkan ló wà, kò tíì jáde lọ síbìkan. Iṣẹ́ abẹ ni olórí ìtọ́jú rẹ̀: wọ́n á yọ ilé ọmọ pẹ̀lú ọrùn rẹ̀, àti ilé ẹyin méjèèjì. Àwọn kan á tún gba ìtọ́jú onítànṣán lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní nílò rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú obìnrin 10 tí wọ́n bá rí tiwọn ní ìpele kìíní, ó tó 9, ó sì ń lé, tí wọ́n ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Ẹni tó bá dúró di ìpele kẹrin kò ní irú ìrètí yẹn. Ẹ rí i pé òtítọ́ ni àwọn àgbà sọ: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó ti kàn mí. Èmi tí mo ń kọ̀wé yìí, tí mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọdún 11 tí mo ti gbàgbé nǹkan oṣù. Mo lọ, wọ́n yẹ̀ mí wò. Jẹjẹrẹ ni, ìpele kìíní ni. Wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ náà kò tíì pé. Ibi tí mo wà nìyẹn, ẹ̀yin ará mi: mo ń dúró.

Ìdúró yìí ní ìṣòro tirẹ̀. Kò sí ibì kan tó ń dùn mí. Mo ń fọ aṣọ, mo ń gbálẹ̀, mo ń lọ sọ́jà; ẹni tó bá rí mi á ní koko lara mi le. Òru ni ọ̀rọ̀ wà. Ní agogo méjì òru, ènìyàn á máa fi ọwọ́ tẹ ikùn ara rẹ̀ bí ẹni pé yóò mọ̀ bóyá nǹkan náà ti rìn síwájú. Mo béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yìí kò ní ba nǹkan jẹ́. Ó ní irú tèmi kì í sábà sáré, àti pé wọ́n ń fi àkókò náà yẹ ẹ̀jẹ̀, ọkàn àti ìfúnpá mi wò kí n lè jí dáadáa lórí tábìlì wọn. Pé ohun tó léwu ni kí aláìsàn sọ ọ̀sẹ̀ di oṣù, kó tún sọ oṣù di ọdún. Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú ní ọ̀sán. Ní òru, ohùn ènìyàn ni mo nílò.

Èyí ló mú mi ronú sí obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀ inú Ìhìn Rere Máàkù. Ọdún 12 ló fi ṣàìsàn, ó sì ná gbogbo ohun tó ní. Ó gba ẹ̀yìn wá láàrin èrò, ó fọwọ́ kan aṣọ Jésù, ó sì fẹ́ rọra bá tirẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ ti dá kí Olúwa tó béèrè ẹni tó fọwọ́ kan òun. Èéṣe tí Ó tún fi pè é jáde? Èrò tèmi ni pé ara nìkan kọ́ ni àìsàn náà bàjẹ́. Òfin ka ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ sí aláìmọ́, wọ́n sì ti yà á sọ́tọ̀ fún ọdún 12. Nígbà tó sọ gbogbo òtítọ́, tí Jésù sì pè é ní ọmọ lójú gbogbo èrò, ìgbà náà ló tó padà sí àárín ènìyàn.

Ẹ tún wo Olúwa fúnra rẹ̀ ní Gẹtisémánì. Ọmọ ẹ̀yìn 11 ló kù pẹ̀lú rẹ̀ ní alẹ́ náà. Mẹ́ta péré ló mú lọ síwájú, àwọn mẹ́ta yìí ló sì sọ ìbànújẹ́ ọkàn rẹ̀ fún. Kò sọ ọ́ fún gbogbo wọn, kò sì dá a gbé. Àwọn mẹ́ta náà sùn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó tún padà wá bá wọn. Bí Ọmọ Ọlọ́run bá fẹ́ kí ènìyàn bá òun ṣọ́nà, kí ni èmi tí mo fẹ́ dá ẹrù tèmi gbé? Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè wa nìyí: kò pọn dandan kí aláìsàn sọ fún gbogbo ayé, ṣùgbọ́n kò dára kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ó yan àwọn díẹ̀.

Ìkínní, kí ó yan ẹni tí yóò bá a dé ọsibítù, nítorí etí aláìsàn máa ń di nígbà tí dókítà bá dárúkọ jẹjẹrẹ. Etí kejì ni yóò gbọ́ ìyókù. Èkejì, kí ó sọ fún ẹnìkan nínú ilé, ọkọ tàbí ọmọ tó ti dàgbà. Owó yóò jáde, ọsibítù lè béèrè ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ju ìyẹn lọ, nínú àwọn ìdílé kan, jẹjẹrẹ ilé ọmọ àti jẹjẹrẹ ìfun a máa tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀ láti ọ̀dọ̀ òbí sí ọmọ. Ó yẹ kí àwọn ọmọ mọ̀, kí àwọn náà lè ṣọ́ra wọn. Ní ibi yìí, ìròyìn náà kì í ṣe ti ìyá nìkan mọ́. Ẹ̀kẹta, kí ó yan ẹni àdúrà kan tó lè pa ẹnu mọ́.

Àwọn kan á ní ẹni tó bá sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ jáde ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á, àti pé ẹni tó bá lọ dùbúlẹ̀ fún ọ̀bẹ kò ní ìgbàgbọ́. Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì kò gbọdọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. John Wesley, baba wa, ṣí ibi tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìní ní oògùn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1746, ó sì tẹ ìwé ìtọ́jú ara jáde ní ọdún 1747. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ló dá ọsibítù Wesley Guild sílẹ̀ ní Iléṣà. Àwọn tó kọ́ ọ gbàdúrà, wọ́n sì gbé ọ̀bẹ. Orúkọ àìsàn kì í pa ènìyàn. Àìsàn tí a kò dárúkọ rẹ̀ fún ẹni tó lè wò ó ló ń pa ènìyàn.

Ó ku iṣẹ́ ti ẹni tí a bá sọ fún. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù dé, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó tì í lórí ilẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n. Bí obìnrin bá gbé ẹyin ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́, má ṣe gbé e fún ẹlòmíràn, kódà ní orúkọ ẹ̀bẹ̀ àdúrà, àyàfi bí ó bá ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀. Má ṣe sọ ìtàn ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ pa fún un. Má ṣe sọ pé bí wọ́n bá yọ ilé ọmọ rẹ̀, kì í ṣe odindi obìnrin mọ́. Kì í ṣe ilé ọmọ ni Ọlọ́run fi dárúkọ wa. Béèrè ọjọ́ tí yóò lọ sí ọsibítù, kí o sì bá a lọ. Se ọbẹ̀ dání. Bí agbára bá wà, fi owó ọkọ̀ sí i. Bí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, jókòó.

Ìwọ tí o sì ń dúró bíi tèmi, dídúró kì í ṣe àìṣiṣẹ́. Kọ ìbéèrè rẹ sínú ìwé kí o tó rí dókítà. Lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ rẹ déédéé. Bí o bá ń mu àgbo, sọ fún wọn, má fi pamọ́. Rìn díẹ̀ lójoojúmọ́, jẹun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ sí i, má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá. Lọ lọ́jọ́ náà.

Ẹ lè bi mí pé, bí mo bá ní kí a sọ fún àwọn díẹ̀, kí ló dé tí mo fi sọ ọ́ fún gbogbo yín? Àwọn mẹ́ta tèmi ti gbọ́ tipẹ́, wọ́n sì ń bá mi ṣọ́nà. Èyí tí mo kọ síhìn-ín, mo fi í lélẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú yín ti rí ẹ̀jẹ̀ ní oṣù yìí, kí ó sì ti fọ aṣọ náà ní ìkọ̀kọ̀. Arábìnrin mi, ìwọ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kí Sunday méjì kọjá. Lọ sọ fún dókítà, kí o sì mú ẹnìkan dání.

Kí Olúwa tó dúró gbọ́ gbogbo òtítọ́ obìnrin yẹn ní ojú ọ̀nà gbọ́ tiwa náà. Kí Ó tọ́ ọwọ́ àwọn dókítà, kí Ó sì fi ìṣọ́ sí ẹnu wa gbogbo. Àmín.