Ta Ló Ṣe Bọ́tà?

Kí oòrùn tó mú ni obìnrin Fúlàní ti ń mi akèrègbè. Wàrà àná ti sùn mọ́jú, ó ti kan. Ó dà á sínú akèrègbè, ó dí i lẹ́nu, ó ń mì í síwá sẹ́yìn lórí itan títí ọ̀rá yóò fi ṣù. Bí ooru bá ti pọ̀ jù, ọ̀rá á yọ́, kò ní ṣù dáadáa. Ọ̀rá tó ṣù ni bọ́tà; wàrà kíkan tó ṣẹ́kù ni nónò, irú èyí tí wọ́n fi ń po fúrá ní àdúgbò Adankolo, ní Lọ́kọ́ja.

Ṣé obìnrin yìí ló ṣe bọ́tà, àbí ó kàn yọ ọ́ síta?

Ọ̀rá ti wà nínú wàrà látọ̀dọ̀ màlúù, ní ẹ̀kán wínníwínní tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Mímì ló ń fọ́ awọ náà kí ọ̀rá tó lè dì mọ́ra. Ẹni tó bá mi omi látàárọ̀ dalẹ́, omi ni yóò bá níbẹ̀. Súrà An-Náhlì nínú Kùránì, ẹsẹ 66, sọ pé ẹ̀kọ́ wà fún ènìyàn nínú ẹran ọ̀sìn, torí pé láàárín ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ ni wàrà ti ń jáde ní mímọ́. Ṣùgbọ́n wàrà ni ẹsẹ náà dúró sí. Bọ́tà ń retí ọwọ́ ènìyàn.

Àwọn babaláwo náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wándé Abímbọ́lá ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ lórí Ifá ní 1976 pé orí rere nìkan kò tó. Ẹsẹ̀, tó dúró fún akitiyan, gbọ́dọ̀ ràn án lọ́wọ́. Àlàyé tó jinlẹ̀ ni, àmọ́ ó ku ohun kan: àsìkò.

Kìlógíráàmù bọ́tà kan ń gba nǹkan bí 20 lítà wàrà. Lọ́pọ̀ agbo ilé Fúlàní, ọkùnrin ló ni màlúù, obìnrin ló ni wàrà; owó iyọ̀ àti ti ọṣẹ, inú igbá wàrà ló ti ń wá. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, koríko á gbẹ, àwọn darandaran á kó ẹran sọ̀ kalẹ̀ sí etí odò Ọya àti Bénúé, wàrà á sì fà. Obìnrin náà kò ya ọ̀lẹ, orí rẹ̀ kò sì yí padà. Ìkà ni ẹni tó bá wàásù fún un lásìkò yìí pé kádàrá rẹ̀ ni, tàbí pé kò ṣiṣẹ́ tó. Tí òjò bá tún rọ̀, tí koríko hù, ọwọ́ kan náà àti akèrègbè kan náà ni yóò mú bọ́tà púpọ̀ jáde.