Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Wọn?

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní Ìlọrin, ẹ kàn bèèrè agbo ilé tó kọ́kọ́ dé. Ìjà yẹn kọ́ ni mo bá wá o. Ohun tí mo fẹ́ kí á jọ rò ni pé: kí la fi ń mọ èyí tó ṣáájú?

Ká ní ọmọkùnrin méjì jọ ń kọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan, ọ̀kan ní Tanke, èkejì lẹ́bàá Ọjà Ọba. Íntánẹ́ẹ̀tì ò sí, oníkálùkù ń tún tirẹ̀ ṣe. Bí akọ̀wé kan bá wà láàárín, òun ni ì bá máa pín nọ́ńbà fún wọn. Kò sí akọ̀wé. Bí àwọn méjèèjì bá pe tiwọn ní ìkarùn-ún ńkọ́? Ẹ má ní kí á wo aago. Ẹni tó ni aago lè yí i bó ṣe wù ú.

Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2005, kì í pín nọ́ńbà. Ó ń fi ìṣirò po ohun tó wà nínú iṣẹ́ náà pọ̀ mọ́ orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ tó sọ pé òun ṣe é, àti orúkọ iṣẹ́ tó bí i. Àmì 40 tó bá jáde ni orúkọ rẹ̀. Orúkọ òbí ti wọ inú ti ọmọ. Bí ẹnì kan bá yọ́ lọ yí ẹyọ lẹ́tà kan lára baba ńlá, orúkọ gbogbo àtọmọdọ́mọ ni yóò yí, àṣírí á tú.

Àwọn alfa wa á ti rẹ́rìn-ín. Ṣebí hádíìsì kì í dá rìn: ta ló gbọ́ ọ lẹ́nu ta? Ṣùgbọ́n ìwà ẹni tó sọ ọ́ ni ti alfa gbára lé. Ìṣirò ni ti Git, ìṣirò náà sì lè já ni kulẹ̀. Lọ́dún 2017, àwọn onímọ̀ ní Google àti ní Amsterdam mú fáìlì méjì tó yàtọ̀ jáde, tí SHA-1, ìṣirò tí Git ń lò látìbẹ̀rẹ̀, sọ ní orúkọ kan náà.

Òbí ṣáájú ọmọ: ohun tí Git mọ̀ nìyẹn. Àwọn méjì tí òbí kan bí, tí ọ̀kan ò bí èkejì, kò sí ẹ̀gbọ́n níbẹ̀. Ibí yìí ló ti máa ń ni Yorùbá lára. Ìbejì pàápàá, a wá ẹ̀gbọ́n fún wọn. Táíwò ló kọ́kọ́ dé, Kẹ́hìndé la sọ di ẹ̀gbọ́n! Èmi rò pé ọ̀pọ̀ ìjà ipò tí à ń jà, nídìí ogún àti nínú ọ́fíìsì, kò ní ìdáhùn. Ẹni tó bá ta kú pé ó ní, ó ń hùmọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ ó ní: ṣebí Git náà ń tò wọ́n sójú kọ̀ǹpútà, tí ọ̀kan á wà lókè? Bẹ́ẹ̀ ni. Aago ló sábà máa ń wò nígbà náà, torí ìlà kan ò gba méjì. Ẹni tó bá tìtorí ìyẹn pe ara rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ bi í bóyá òun ló bí ẹnìkejì.