Owó Ilé-Èrò

Ẹ ka Lúùkù 10:25–37.



Kò sí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan ní gbogbo ilẹ̀ Okun, ìbáà ṣe ní Owé tàbí Ìjùmú, ní Bùnú, ní Yàgbà tàbí ní Ọ̀wọ́rọ̀, tí kò lè ròyìn ìtàn ará Samáríà náà. Ó mọ̀ pé ọkùnrin kan ń ti Jerúsálẹ́mù sọ̀kalẹ̀ lọ sí Jẹ́ríkò, pé àwọn ọlọ́ṣà lù ú bolẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ nígbà tí ẹ̀mí kù díẹ̀ nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé àlùfáà rí i, ó sì kọjá. Pé ọmọ Léfì rí i, òun náà sì kọjá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ọmọ náà pé kí ni ará Samáríà ṣe, yóò dáhùn pé ó da òróró àti wáìnì sí ojú ọgbẹ́, ó dì í, ó sì gbé ọkùnrin náà ka orí ẹran rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń parí ìtàn náà sí. Èyí tí ó kù níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò ní oṣù yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni àwa ti kùnà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ará ìjọ tí a fi sí ìtọ́jú mi lọ sí oko iṣu rẹ̀. Bí ó ti ń gé igi, àdá yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ṣá a ní ojúgun, ó sì wọlé dé egungun. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi ìró ìyá wọn di ẹsẹ̀ náà, wọ́n gbé e sí àárín lórí ọ̀kadà, wọ́n sì gbé e dé ilé-ìwòsàn kan kí oòrùn tó kan àtàrí. Àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ béèrè owó àsansílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ tú etí aṣọ rẹ̀ wò. Ohun tí ó wà níbẹ̀ kò tó ìdá mẹ́rin owó náà. Ni wọ́n bá ń sáré láti ilé ẹ̀gbọ́n dé ilé àbúrò, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ra iṣu lọ́wọ́ wọn dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti jẹ ní gbèsè tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ti ṣú kí owó tó pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í dúró de owó, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí tí ó bá wọ ojú ọgbẹ́ kì í sinmi.

Ní ọjọ́ kẹta ni èmi dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀. Mo ka Sáàmù, mo gbàdúrà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà náà, ọgbẹ́ náà ti ń rùn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ náà ní ìsàlẹ̀ orúnkún. Nígbà tí mo tún lọ kí i, ó wò mí, kò bínú, ó ní, “Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ wá. Ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú ọjọ́ tí àdá ṣá mi ni a ṣe ìkórè. Èmi náà gbé iṣu mẹ́wàá wá. Ǹjẹ́ kò sí èyí tí ìjọ ìbá yá mi nínú owó náà?” Èmi kò rí èsì fún un. Owó ìkórè náà wà ní ilé ìfowópamọ́, ó ń dúró de òrùlé ilé àlùfáà.

Ẹ̀yin ará, nígbàkúgbà tí mo bá ka ìtàn ará Samáríà náà láti ọjọ́ yẹn, mo mọ ibi tí mo wà nínú rẹ̀. Lóòótọ́ ni mo dúró, lóòótọ́ ni mo sì gbàdúrà. Ṣùgbọ́n àpò mi gba apá kejì ọ̀nà kọjá lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ka ẹsẹ 35. Ní ọjọ́ kejì, ará Samáríà mú owó idẹ méjì jáde, ó fi lé olórí ilé-èrò lọ́wọ́, ó ní kí ó tọ́jú ọkùnrin náà, àti pé ohunkóhun tí ó bá ná lé e, òun yóò san án nígbà tí òun bá padà dé. Kì í ṣe owó kékeré. Nínú òwe àwọn alágbàṣe ọgbà àjàrà, ní Máttéù 20, ọ̀kan nínú owó yìí ni ọ̀yà òòjọ́ alágbàṣe. Nítorí náà, ọ̀yà ọjọ́ méjì ni ó kà sílẹ̀, ó sì dúró fún èyí tí ó kù. Ẹ kíyèsí i pé kò dúró títí ẹni tí ó gbọgbẹ́ yóò fi lajú láti sọ iye tí ó ní. Ẹ kíyèsí i pẹ̀lú pé Olúwa wa kò bá olórí ilé-èrò wí pé ó gba owó. Oúnjẹ ń gba owó, òróró ń gba owó, ẹni tí ń ṣọ́ aláìsàn ní òru yóò jẹun. Àánú kò sọ pé kí ìnáwó má sí. Ohun tí ó ń ṣe ni pé ó ń gbé e kúrò ní èjìká ẹni tí kò lè rù ú.

Bóyá ẹnìkan yóò wí pé ìyà àìlówó ilẹ̀ wa ni ó fa irú èyí, pé ní òkè òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń gbé. Ní ìgbà kan, àwọn ilé-ìwòsàn kan níbẹ̀ a máa kọ aláìlówó tí ó gbọgbẹ́, tàbí kí wọ́n tì í lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Ní 1986 ni a ṣe òfin pé ilé-ìwòsàn tí ó bá ń gba owó ìjọba fún ìtọ́jú àwọn arúgbó, tí ó sì ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì, gbọ́dọ̀ yẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé wò, kí ó sì mú kí ara rẹ̀ dúró, ìbáà lówó, ìbáà má lówó. Òfin rere ni. Ó ṣí ìlẹ̀kùn ilé-èrò. Ṣùgbọ́n kò san owó ilé-èrò. Nígbà tí ọgbẹ́ bá jinná tán, ìwé owó yóò tẹ̀ lé ènìyàn dé ilé, àìmọye ènìyàn ni ó sì ti ti ipa bẹ́ẹ̀ wọ gbèsè ní orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀ náà. Ní 2014, a dá ẹgbẹ́ aláàánú kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí à ń pè ní RIP Medical Debt, tí ó ti yí orúkọ padà sí Undue Medical Debt. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ra gbèsè ilé-ìwòsàn àwọn aláìní ní owó pọ́ọ́kú, kí ó sì pa á rẹ́. Àwọn ìjọ Kristi sì wà nínú àwọn tí ń dá owó fún un. Àwọn ìjọ wọ̀nyí ti ka ẹsẹ 35.

Ní ilẹ̀ tiwa, kì í ṣe òfin ni ó kù. Òfin Ìlera ti 2014, ní abala 20, sọ pé kí òṣìṣẹ́ ìlera tàbí ilé-ìwòsàn má ṣe kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ọ̀ràn rẹ̀ jẹ́ pàjáwìrì nítorí ìdíkídìí. Ẹni tí ó bá kọ̀ yóò san 100,000 náírà, tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Òfin ti 2017 lórí àwọn tí ìbọn bà pàṣẹ pé kí a tọ́jú wọn, ìbáà sí ìwé ọlọ́pàá ìbáà má sí, ìbáà sí owó àsansílẹ̀ ìbáà má sí. Ilé-ìwòsàn ni yóò fi ọ̀rọ̀ náà tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì. Ó tilẹ̀ pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá wà níbẹ̀ ran ẹni náà lọ́wọ́ dé ilé-ìwòsàn tí ó súnmọ́ tòsí. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé mọ èyí, nítorí àwọn ọ̀nà wa kò ní àlàáfíà bí ti àtijọ́, ọ̀pọ̀ sì ń kọjá lára ẹni tí ìbọn bà nítorí ìbẹ̀rù ọlọ́pàá.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé-èrò ni ó kù. Àwọn míṣọ́nárì SIM, tí iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, dá ilé-ìwòsàn sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1952, tí ó wà lábẹ́ ìjọ ECWA lónìí. Ilé-ìwòsàn ìjọba wà ní Kabba; ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́jà. Ìlẹ̀kùn wà, dókítà wà, òfin wà. Owó idẹ méjì ni kò sí nílẹ̀ ní wákàtí tí a nílò rẹ̀. Òfin lè fi ipá mú dókítà dìde. Kò lè ra okùn tí yóò fi rán ẹran ara, kò sì lè ra ẹ̀jẹ̀.

Ọgbẹ́ kì í dá oṣù fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, kí àánú ti múra sílẹ̀ kí ọgbẹ́ tó dé. Ẹ rántí bàbá wa, Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ní 1841, kí ó tó gba oyè àlùfáà, ó bá àwọn ọkọ̀ mẹ́ta tí ó gòkè odò Ọya rìn. Ibà pa púpọ̀ nínú àwọn Òyìnbó tí ó wà nínú wọn, ìrìn àjò náà sì bàjẹ́. Ní 1854, ó tún bá ọkọ̀ Pleiad gòkè odò kan náà kọjá ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ní ìgbà yìí, Dókítà Baikie mú kí àwọn Òyìnbó máa mu kuiníìnì kí ibà tó dé, kì í ṣe nígbà tí ó bá dé nìkan. Ibà kò pa ọ̀kan nínú wọn. Odò kan náà ni, ẹ̀fọn kan náà ni. Ìmúrasílẹ̀ ni ó yàtọ̀.

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní àpótí kan tí a kò gbọdọ̀ fi kọ́lé, tí a kò gbọdọ̀ fi ra àga, tí ó jẹ́ ti ẹni tí ó gbọgbẹ́ àti aláìsàn pàjáwìrì nìkan. Kí ènìyàn mẹ́ta máa ṣọ́ ọ, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin, kí wọ́n sì lè fún ni lówó ní òru láìdúró de ìpàdé ìgbìmọ̀. Bí ẹnìkan bá bi yín pé, “Bí kò bá san án padà ńkọ́?” ẹ dá a lóhùn pé ará Samáríà kò gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá tún bèèrè pé, “Bí kì í bá ṣe ọmọ ìjọ wa ńkọ́?” ẹ ní kí ó tún ìtàn náà kà, nítorí ìbéèrè yẹn gan-an ni Olúwa fi dá amòfin náà lóhùn.

Èkejì, òfin ti 2022 sọ ètò ìdójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo wa. Àjọ ni, ẹ̀yin ará mi. Ẹni tí ara rẹ̀ le ń dá fún ẹni tí ara rẹ̀ kò le. Ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ìjọ sì san ti opó àti arúgbó. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tí ọwọ́ wọn lè ṣe. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ gidigidi. Bí aṣọ náà bá rin, kí a fi òmíràn lé e lórí, kí a má ṣe ṣí ti ìsàlẹ̀. Bí nǹkan bá gún ènìyàn tí ó ṣì wà nínú ara rẹ̀, kí a má ṣe fà á yọ. Ọgbẹ́ kékeré, omi mímọ́ àti ọṣẹ ni kí a fi wẹ̀ ẹ́. Kí a má ṣe fi eérú, ìgbẹ́ màlúù tàbí epo kẹrosíìnì sí i. Inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì ti lè wọ ara, èyí tí ń ki ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ tí ó sì ń tẹ ẹ̀yìn bí ọrun. Abẹ́rẹ́ sì wà tí ń dènà rẹ̀. Bí egungun bá yọ síta, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi igi dì í pinpin. Ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ ni irú ìdè bẹ́ẹ̀ ti pa kú. Òróró àti wáìnì ni ará Samáríà lò, nítorí ohun tí ó dára jù lọ tí ìgbà rẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Kí àwa náà lo èyí tí ó dára jù lọ tí ìgbà tiwa mọ̀.

Ẹ̀yin ará, ìkíni kan ni ó so wá pọ̀ tí wọ́n fi ń fi orúkọ rẹ̀ pè wá. A ń wí fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ pé, “Okun o.” A ń wí fún ẹni tí ìyà ń jẹ pé, “Okun o.” Ìkíni dídùn ni, ṣùgbọ́n kò di ọgbẹ́. Àwa tí Olúwa san gbèsè wa nígbà tí a kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí a kí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kí a sì kọjá. Òrùlé ilé àlùfáà ti parí láti ìgbà náà, òjò kò sì wọ ibẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ń fi igi rìn wá sí ìsìn ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, ó ń jókòó ní àga kẹta lápá òsì. Kò tún bi mí ní ìbéèrè rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èmi ń gbọ́ ọ.

Kí Ẹni tí ó fi àpá ìṣó hàn Tọ́másì kọ́ ọwọ́ wa láti ṣí. Àmín.