Ẹni Tí Kò Mọ Iye Ohun Tó Ń Tà

Ẹ̀yin ará mi, ìdámẹ́wàá ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa níbí ní Kàdúná mú àpòòwé wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó ní, "Pásítọ̀ sà, Olúwa ti ṣe é." Mo bá a yọ̀, mo gbàdúrà fún un. Ìgbà tó wá jókòó, tó ń ròyìn bí Olúwa ṣe ṣe é, ni ayọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù nínú mi, mi ò sì tètè mọ ìdí rẹ̀. Kí n tó kọ èyí, mo ti gba àṣẹ lọ́wọ́ òun àti lọ́wọ́ ẹni kejì tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àwọn méjèèjì ló ní kí n má dárúkọ àwọn.

Iṣẹ́ tí arákùnrin yìí ń ṣe, ọ̀pọ̀ nínú yín lè má mọ̀ pé iṣẹ́ ni. Ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ ló ń rà, tó ń tún ṣe, tó sì ń tà. Kì í ṣe PS5 tí àwọn ọmọ yín fi ń yọ yín lẹ́nu o. Èyí tí àwa fi ṣe ọmọdé ni: Nintendo, Sega, PlayStation àkọ́kọ́, àwọn tí a máa ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n bàbá wa, tí kásẹ́ẹ̀tì wọn bá ń ṣe ségesège, a ó yọ ọ́, a ó fẹnu fẹ́ ẹ, a ó tún un kì bọ̀ ọ́. (Òun ló jẹ́ kó yé mi pé itọ́ la ń fẹ́ sí i, àti pé ó ń mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Yíyọ tí a yọ ọ́ tí a sì tún un kì bọ̀ ọ́ ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ní ìgbàgbọ́ asán nínú ọ̀rọ̀ yẹn.)

Àwọn tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní London, wọ́n wà ní Amẹ́ríkà. Àgbàlagbà ni wọ́n, ẹni ogójì ọdún, ẹni àádọ́ta ọdún, tí owó ti wá dé ọwọ́ wọn, tí wọ́n fẹ́ ra ìgbà èwe wọn padà. Ní Japan pàápàá, ní àdúgbò Akihabara nílùú Tokyo, àwọn ilé ìtajà wà tó jẹ́ pé géèmù àtijọ́ ni iṣẹ́ wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn baban bola ni arákùnrin wa ti ń rí tirẹ̀, àti nínú ẹrù tòkunbọ̀, àti nínú yàrá tí àwọn èèyàn ń kó ẹrù tí wọn ò lò mọ́ sí.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn náà, ká má parọ́, iṣẹ́ náà wù mí. Nínú àwọn ẹ̀rọ kan bíi Game Gear ti Sega, àwọn kapásítọ̀ tó wà lórí bọ́ọ̀dù wọn máa ń jò tó bá ti pẹ́, omi inú wọn á sì máa jẹ bọ́ọ̀dù náà. Á yọ wọn níkọ̀ọ̀kan, á nu ojú ibẹ̀, á fi sódà jó tuntun mọ́ ọn. Ike àwọn ẹ̀rọ kan ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí kẹ́míkà tí wọ́n pò mọ́ ọn kó má baà tètè gbiná. Á fi hydrogen peroxide kùn ún, á fi nylon wé e, á gbé e sóòrùn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á ti máa funfun padà.

Gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń kọ sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á. Kapásítọ̀ mélòó ló pààrọ̀, pé ike yìí ti pọ́n rí kó tó bó o, pé ìlà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí kò gùn tó èékánná. Mo yìn ín. Ó ní, "Ó di dandan ni, sà. Tí mo bá fi pamọ́, wọ́n á mọ̀. Wọ́n á dá a padà, orúkọ mi á sì bàjẹ́." Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn fún mi.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àpòòwé. Màmá kan wà nínú ìjọ wa, opó ni wọ́n. Ọkọ wọn lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó lápá ìparí àwọn ọdún 1990, wọ́n sì ra Sega Saturn bọ̀ fún àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ. Màmá ní kí arákùnrin wa wá bá àwọn wo páálí kan tó ń gba àyè nínú yàrá ẹrù. Ó fún wọn ní 5,000 náírà, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Màmá ṣàdúrà fún un.

Nínú páálí yẹn ni géèmù kan wà tí wọ́n ń pè ní Panzer Dragoon Saga, sídì mẹ́rin, ìwé rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọdún 1998 ló jáde. Nígbà yẹn, PlayStation ti gba ọjà lọ́wọ́ Saturn, Sega fúnra wọn sì ti ń kọjú sí ẹ̀rọ tuntun wọn, Dreamcast. Nítorí náà ìwọ̀nba ni wọ́n ṣe fún Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìgbà tó yá ni àwọn tó mọ̀ wá ń sọ pé ó wà lára èyí tó dára jù tí Sega ṣe, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri, kò sì sí. Ohun tí arákùnrin wa rí lórí sídì mẹ́rin yẹn nìkan, tí a bá ṣẹ́ ẹ sí náírà, ó lé ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ohun tó fún Màmá.

Mo bi í bóyá ó ti rí i kó tó sanwó. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní, "O ò sì sọ fún wọn?"

Ó wò mí. "Pásítọ̀ sà, ọjà ni. Ọdún méje ni mo fi kọ́ nǹkan wọ̀nyí. Owó oúnjẹ ni mo fi ń ra dátà, òru ni mo fi ń kàwé nípa wọn. Iná sódà ti jó mi lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí mo ti bàjẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe lé ní ogún. Ìmọ̀ yẹn ni mò ń jẹ. Tí mi ò bá dé ọ̀dọ̀ Màmá, baban bola ni ì bá gbé e ní 500, wọn ì bá sì fọ́ ọ torí wáyà inú rẹ̀. Ta ni mo wá rẹ́ jẹ?"

Ẹ má jẹ́ ká yára dá a lẹ́bi. Nínú àwa tó ń ra nǹkan tà, ta ni kì í jẹ èrè ìmọ̀? Ìyá tó mọ̀ pé ẹ̀wà pọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, tó sì wọ́n ní Ìbàdàn, tó wá fi ọkọ̀ kó o lọ sí Bódìjà, ìmọ̀ ló ń jẹ. Tó bá di dandan kó sọ iye tí òun máa tà á fún àgbẹ̀ kó tó rà á, òwò ti parí nìyẹn. Jésù fúnra rẹ̀ sì sọ ìtàn ọkùnrin tó rí ìṣúra nínú oko, tó bò ó mọ́lẹ̀, tó lọ ta ohun gbogbo tó ní láti ra oko náà. Kò sọ fún olóko. Arákùnrin wa kò gbàgbé láti rán mi létí. Mo dá a lóhùn pé ìjọba ọ̀run ni Jésù ń fi ìyẹn ṣàlàyé, kì í ṣe kárà-kátà. Ìdáhùn yẹn tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò tó, èmi náà mọ̀.

Ìbéèrè náà ti gbó. Ní sẹ́mínárì, wọ́n kọ́ wa ní ohun tí Cicero ará Róòmù kọ sí ọmọ rẹ̀ ní ọdún 44 kí wọ́n tó bí Jésù. Ìyàn mú ní erékùṣù Rhodes. Oníṣòwò kan kó ọkà débẹ̀ láti Alẹkisáńdíríà, ó sì mọ̀ pé ọkọ̀ ojú omi púpọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn òun pẹ̀lú ọkà. Àwọn ará Rhodes kò mọ̀. Ṣé kó sọ, kí owó ọkà wálẹ̀, àbí kó dákẹ́? Diogenes ará Bábílónì ní tí kò bá ti purọ́, kò pọn dandan kó sọ gbogbo ohun tó mọ̀. Antipater, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀, ní rárá o, kò yẹ kí ohunkóhun wà tí olùtà mọ̀ tí olùrà ò mọ̀. Cicero gbè sẹ́yìn Antipater. Ó ní kì í ṣe gbogbo ìdákẹ́ ni ìfipamọ́, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé nítorí èrè ara rẹ lo ò ṣe fẹ́ kí ẹni tí yóò ṣe láǹfààní mọ̀, o fi pamọ́ nìyẹn. Abọ̀rìṣà ni Cicero o, kò ka Bíbélì rí.

Ẹ tún wo èyí. Ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà wọ gbèsè, wọ́n lu ẹrù rẹ̀ ní gbàǹjo. Ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ àtúnṣe níbẹ̀ ra páálí bíi mélòó kan ní 75 dọ́là. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tí Sony àti Nintendo jọ dáwọ́ lé ní nǹkan bí ọdún 1991 kí wọ́n tó pínyà, ìpínyà tí PlayStation ti jáde wá. Ọkùnrin náà kò mọ ohun tó rà. Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí òun àti ọmọ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 2020, wọ́n ta ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ní 360,000 dọ́là. Mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Gbàǹjo ni, ẹni tó tà kò mọ̀, ẹni tó rà kò mọ̀.

Nítorí náà, mo bi arákùnrin wa ní ìbéèrè kan péré: "Ta ló dárúkọ owó?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun ni. Ó ní Màmá sọ pé, "Ọmọ mi, èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Èló ló tó?" Òun sì ní 5,000.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ará. Màmá kò ná ọjà. Ìbéèrè ni wọ́n bi í. Ìmọ̀ ọdún méje tó sọ pé òun ń jẹ yẹn gan-an ni wọ́n ní kó yá àwọn lò fún ìṣẹ́jú kan. Wọ́n bi í bí ẹni ń bi ọmọ ẹni, ó sì dáhùn bí olùrà. Ká ní wọn kì í jọ jókòó nínú ìjọ kan náà, ẹnu ọ̀nà ni ì bá dúró sí. Kò ní dé yàrá ẹrù. Òwe orí 20 ẹsẹ 14 mọ irú olùrà kan tó máa ń pẹ̀gàn ọjà títí yóò fi rà á, tó bá ti kúrò níbẹ̀ á wá máa yangàn. Ó ṣe mí ní kàyééfì pé olùrà ni ẹsẹ yẹn ń bá wí. Olùtà la máa ń dojú ìwàásù kọ, òṣùwọ̀n èké, mọ́dà tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, bíi pé olùrà kì í dẹ́ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù kì í ṣe owó náà. Ará London tí kò rí rí, ó kọ̀wé sí i nípa ìlà tí kò gùn tó èékánná. Màmá tó ń gbàdúrà fún un, kò sọ nǹkan kan fún wọn. Kí ló fà á? Ará London lè mọ̀, ó sì lè dá ọjà padà. Màmá kò lè mọ̀ láéláé. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, tó bá jẹ́ pé òtítọ́ rẹ kò kọjá ọ̀dọ̀ ẹni tó lè mú ọ, ṣé òtítọ́ ṣì ni, àbí ìbẹ̀rù?

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni jẹnẹrétọ̀ kan dìde dúró níwájú mi. Nígbà tí ìjọ wa ra tuntun, ìjọ kékeré kan láti abúlé wá ra àlòkù. Ajíhìnrere wọn bi mí pé, "Pásítọ̀, ṣé kò ní wàhálà?" Mo ní, "Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń gbé." Òótọ́ ni, ó ń gbé e. Ó sì ń mu ọ́ìlì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, ìyẹn ni mi ò sọ. Ká ní mẹ́káníìkì ló wá rà á, ǹ bá tètè sọ ọ́, torí yóò rí èéfín rẹ̀. Ajíhìnrere kò mọ ẹ̀rọ, ó mọ̀ mí ni. Mo wàásù lórí òtítọ́ lọ́dún yẹn, ẹ lè rántí. Mo ti pè é báyìí. Ó ní ẹ̀rọ náà kò lò ju oṣù mẹ́ta lọ kó tó nọ́ọ̀kì. Mo ti fi owó ránṣẹ́, kò tíì pé, mo ṣì ń fi ránṣẹ́.

Mo dá àpòòwé náà padà fún arákùnrin wa. Mo ní akápò kò ní kọ ọ́ sínú ìwé títí yóò fi dé ilé Màmá. Ó bi mí pé èló ló yẹ kí òun mú lọ. Ìyẹn ni mi ò mọ̀. Ó ṣe wàhálà, ó san owó ìfẹ̀rùránṣẹ́, ìmọ̀ rẹ̀ sì lówó lórí lóòótọ́. Mo wá ní, "Ká ní ẹni tó mọ̀ ọ́n bí ìwọ ló ni páálí yẹn, èló lo máa fún un?" Kò rò ó pẹ́. Ó ní ìdajì, tí ẹni náà bá fara balẹ̀.

Ó lọ lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Màmá bi í pé èló gan-an ni wọ́n rà á. Ó sọ ọ́. Ó ní wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Ọdún tí àbígbẹ̀yìn mi kúrò ní yunifásítì torí owó, inú yàrá yẹn ni nǹkan yìí wà." Kò mọ ohun tó lè sọ. Wọ́n ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n dì í sí etí ìró, wọ́n bu oúnjẹ fún un. Nígbà tó ń lọ, wọ́n ní páálí kan ṣì wà lókè àjà tí ọwọ́ àwọn ò tó, kó wá bá àwọn gbé e sọ̀kalẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ó bi wọ́n bóyá kí òun mú ẹlòmíràn tó mọ géèmù dání, kí onítọ̀hún lè bá wọn dá owó lé e.

Màmá ní, "Fún kí ni?"