DÍẸ̀ DÍẸ̀ NI KÍ A ṢE É

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àwọn kan ń bèèrè pé: ẹni tó sanra ju bó ti yẹ lọ, ṣé kó gba ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta kí ara rẹ̀ lè fúyẹ́? Àdúrà la ń torí rẹ̀ gbààwẹ̀, kì í ṣe ìbàdí. Ẹni tó ń febi pa ara rẹ̀ nítorí ẹwà, tó ń pè é ní ààwẹ̀, ta ló ń tàn?

Ẹ ka Ẹ́kísódù 23, ẹsẹ 29 àti 30. Olúwa lè lé àwọn ọ̀tá Ísírẹ́lì lọ lọ́dún kan, ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ló lé wọn, kí ilẹ̀ má baà dahoro. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara. Ọ̀rá tí a fi ebi lé lọ kíákíá sábà ń yára padà.

Bí àkàsà mẹ́rin là ń jẹ lálẹ́, kó di mẹ́ta. Kí ṣúgà inú ògì dínkù. Kí a máa rìn fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Àwa tí a ń fẹsẹ̀ lásán rìn nínú sùtánà, kí la ń gun zémíjàn lọ sílé ìsìn tó wà nítòsí fún?

Òkèlè kan tí a kọ̀ lójoojúmọ́, tí ẹnikẹ́ni kò rí, ó le ju ààwẹ̀ tí gbogbo ìjọ mọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run rí i. Kí Ẹ̀mí Mímọ́ kọ́ wa ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Àmín.